Dókítà àti Akápò: Ìwé Kan Náà ni Kí Wọ́n Jọ Máa Kà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìlú wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn ọmọ ìlú tí kò lè wá sílé.)

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ilé ìwòsàn, mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣi ilé yà ni. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe oníṣirò owó. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ìkọ̀wé ni mo fi jẹun. Ṣùgbọ́n ó rán mi létí pé mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kan rí fún ọdún mẹ́ta. Mo rántí ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, mo sì gbà láti wá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òun náà ni pé ilé ìwòsàn ní olórí méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni a kọ sí ojú ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ńlá. Olórí kìn-ín-ní ni ẹni tí ń wo àìsàn. Olórí kejì ni ẹni tí ń ṣọ́ owó. Bí àwọn méjèèjì bá ń ka ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, aláìsàn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ ń ka ìwé kan náà, owó díẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ìlú kan tí mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tí n kò ní dárúkọ, ìgbìmọ̀ kan wà tí ń bá àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ibẹ̀ dámọ̀ràn, wọ́n sì yàn mí sí i. Ní ọdún kan, dísẹ́lì wọ́n gógó. Akápò ilé ìwòsàn náà jẹ́ ọkùnrin tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò mú kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ó wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé owó tí a yà sọ́tọ̀ fún dísẹ́lì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ọdún kò tí ì dé ìdajì. Ó pàṣẹ pé láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí, kí a máa pa ẹ̀rọ amúnáwá, àfi bí iṣẹ́ abẹ bá wà. Dókítà àgbà kọ ìwé sí i pé òun kò fara mọ́ ọn. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ, èdè ìṣègùn ni ó sì kún inú rẹ̀. Akápò kà á, kò yé e, ó fi í sínú fáìlì. Dókítà ní tirẹ̀ kò lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ láti ṣàlàyé, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Fíríìjì kékeré kan wà ní igun yàrá ìgbẹ̀bí tí akápò kò dé rí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ oxytocin sí, èyí tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Abẹ́rẹ́ yìí kò fẹ́ ooru. Òtútù tí ó wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a gbọ́dọ̀ fi í sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára rẹ̀ yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Omi inú ìgò náà yóò mọ́ lóló bí ti tẹ́lẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rí bímọ níbẹ̀. Ọmọ ké, ará ilé yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Agbẹ̀bí gún un ní abẹ́rẹ́, kò ràn án. Ó tún un gún, kò ràn án. Wọ́n gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní ìlú kejì. A dúpẹ́ pé ó yè, ọmọ rẹ̀ náà sì yè, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti gé ilé ọmọ rẹ̀ kúrò kí ẹ̀mí má baà bọ́. Ẹni ọdún 23 ni.

A pe ìpàdé pàjáwìrì. Akápò gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀: owó dísẹ́lì kò kọjá ààlà tí a pa. Òótọ́ ni. Dókítà gbé ẹ̀dà ìwé tí ó kọ kalẹ̀: òun ti kìlọ̀. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. A wo ọ̀tún, a wo òsì, a kò rí ẹni tí ó purọ́ tàbí ẹni tí ó jalè. Ìyá àgbà kan wà nínú ìgbìmọ̀ wa, oníṣòwò aṣọ ni. Òun ni ó béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú yín tí ó mọ iye tí oògùn inú fíríìjì yẹn jẹ́? Ta ni ó sì mọ iye dísẹ́lì tí fíríìjì yẹn ń mu ní òru kan?" Dókítà kò mọ iye owó. Akápò kò mọ̀ pé oògùn wà níbẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́.

Nígbà tí a ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, a rí i pé owó oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó bàjẹ́ pọ̀ ju owó dísẹ́lì tí a tọ́jú lọ. A kò tilẹ̀ tí ì ka owó ọkọ̀, owó ẹ̀jẹ̀, àti owó iṣẹ́ abẹ tí ọkọ ọmọbìnrin náà lọ yá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a fi ra fíríìjì kékeré tí ń lo agbára oòrùn. Akápò fúnra rẹ̀ ni ó dá a lábàá. Ọgbọ́n náà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò fi ìṣòro náà hàn án ni kò rí.

Ẹ̀yin ará mi, kí ni ó fa irú èyí? Kì í ṣe ìkà. Bí a ti kọ́ àwọn méjèèjì ni ó yàtọ̀. A kọ́ dókítà láti wo aláìsàn kan ṣoṣo tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì ṣe gbogbo ohun tí ó bá lè ṣe fún un. A kọ́ akápò láti ronú nípa gbogbo àwọn tí yóò wá ní ọ̀la, ní ọ̀túnla, àti ní oṣù tí ń bọ̀, kí owó má baà tán kí wọ́n tó dé. Lójú dókítà, ahun ni akápò. Lójú akápò, àpà ni dókítà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí ènìyàn ni àwọn méjèèjì ń ṣọ́: ọ̀kan ń ṣọ́ ẹ̀mí tòní, èkejì ń ṣọ́ ẹ̀mí tọ̀la.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó wà. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ orúkọ Florence Nightingale. A máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé ó gbé fìtílà kiri láàrin àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì, láti 1854. Ohun tí a kì í sábà sọ fún wọn ni pé ó gbé ìwé ìṣirò pẹ̀lú. Ní oṣù kejì 1855, nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a gbé wá sí ilé ìwòsàn náà ni ó ń kú, àrùn ni ó sì ń pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ. Nígbà tí àwọn tí ìjọba rán wá tún ojú ọ̀nà omi ẹ̀gbin ṣe, tí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà wọlé, iye náà já wálẹ̀ títí ó fi di nǹkan bí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ní àárín ọdún náà. Nightingale kó iye àwọn òkú àti ohun tí ó pa wọ́n jọ, ó sì yà á ní àwòrán kí àwọn aláṣẹ lè rí i. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ilé ìwòsàn, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa ka iye aláìsàn ní ọ̀nà kan náà, kí àwọn tí ń dá owó lè mọ bí a ti ná an àti oore tí ó ṣe. Ẹ wò ó: nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n kò ya owó kúrò lára ìtọ́jú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ìjọba dá ètò ìlera gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1948. Nígbà tí ó di 1983, wọ́n pe Roy Griffiths, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé ìtajà ńlá Sainsbury's, pé kí ó wá yẹ ètò náà wò. Ó rí i pé ó ṣòro láti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí a yan alákòóso kan pàtó, ṣùgbọ́n ó tún ní kí a fa àwọn dókítà wọ inú ètò owó, nítorí kálàmù wọn ni ó ń ná an. Ní àárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù gbìyànjú ọ̀nà kan. Owó ti wọ́n wọn, wọ́n ti ń pa bẹ́ẹ̀dì dé. Cyril Chantler, dókítà àwọn ọmọdé, wà lára àwọn tí ó ṣáájú níbẹ̀. Wọ́n wo àpẹẹrẹ ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka ẹ̀ka, wọ́n sì fi ènìyàn mẹ́ta sídìí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: dókítà gẹ́gẹ́ bí olórí, nọ́ọ̀sì kan, àti alákòóso kan tí ó mọ̀ nípa owó. Àwọn mẹ́ta yìí ni a fi owó ẹ̀ka wọn lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ náà ni ó kọ́ ọ lára wọn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé àwọn aláwọ̀ funfun kò ṣìṣe. Ẹ gbọ́ ti ilé ìwòsàn ìlú Stafford. Ní 2006 sí 2007, àwọn aláṣẹ rẹ̀ pinnu láti dín ìnáwó kù ní mílíọ̀nù £10, iṣẹ́ tí ó ju 150 lọ sì parẹ́. Wọ́n ń wá oyè ilé ìwòsàn tí ó dá dúró, ìwé owó wọn sì gbọ́dọ̀ gún régé kí wọ́n tó lè rí i gbà. Wọ́n rí oyè náà gbà ní oṣù kejì 2008. Ṣùgbọ́n nínú wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kò tó. Òùngbẹ ń gbẹ àwọn arúgbó, wọn kò rí ẹni fún wọn lómi; àwọn mìíràn wà nínú ẹ̀gbin fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn ẹbí ké, a kò tètè gbọ́. Ìwádìí jáde ní 2009, agbẹjọ́rò Robert Francis sì tún ṣe ìwádìí méjì tí ó jáde ní 2010 àti 2013. Ó fi hàn pé àwọn aláṣẹ ti gbájú mọ́ owó àti oyè, wọ́n sì gbàgbé aláìsàn. Ó tún fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà ti fà sẹ́yìn, wọn kò bá wọn dá sí ìṣàkóso. Ní 2014 a tú àjọ tí ń ṣàkóso ilé ìwòsàn náà ká. Ìwé owó tí wọ́n ń tún ṣe kò gbà wọ́n là.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, dókítà kan tí a ń pè ní David Morley ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Ó rí i pé owó kò tó láti kọ́ ilé ìwòsàn ńlá sí gbogbo ìlú, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń kú nítorí àìsàn tí a lè tètè mọ̀. Láti 1957, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. A ń wọn ọmọ, a ń fi àmì sí orí káàdì kan, ìyá ọmọ sì ń gbé káàdì náà lọ sílé. Bí ìlà ọmọ kò bá gòkè mọ́, a mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ètò káàdì yẹn kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì di ohun tí a mọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé owó pọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọpọlọ kan náà ni ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: kí ni yóò gba ọmọ yìí là, àti èló ni yóò ná wa?

Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò, ní ilẹ̀ Málì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ará àdúgbò máa bá ilé ìwòsàn ṣọ́ owó oògùn: a ó ta oògùn ní iye tí kò ga, owó rẹ̀ yóò sì tún padà di oògùn. Ọ̀nà yìí wọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ọjà, ẹ mọ̀ ọ́n ju mi lọ: ẹni tí ó bá jẹ owó òwò, ó ti jẹ òwò. Bí akápò bá mú owó oògùn lọ kun ògiri, pẹpẹ oògùn yóò ṣófo. Bí dókítà bá ń fi oògùn ta ọrẹ láìsọ fún akápò, nítorí àánú tí ó ṣe é, pẹpẹ yóò ṣófo bákan náà. Àánú dára, ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì jọ ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní, kí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i. Nígbà náà ni àánú yóò lè pẹ́.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sọ pé kí a ya ohun tí kò dín ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sì sọ ètò náà di dandan fún gbogbo ènìyàn. Lábẹ́ ètò yìí, ọ̀nà kan tí a fi ń san owó fún ilé ìwòsàn ni pé kí a san iye kan lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní oṣooṣù, ì báà ṣàìsàn, ì báà má ṣàìsàn. Ẹ ronú sí i. Bí a bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a tètè mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, owó yóò ṣẹ́kù. Bí a bá jẹ́ kí àìsàn gbó mọ́ni lára, owó yóò tán. Ohun tí ó dùn mọ́ dókítà ni yóò dùn mọ́ akápò. Ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ̀ bí wọn kò bá jọ jókòó.

Nítorí náà, kí ni kí a béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ìlú wa? Mo dá àbá mẹ́rin.

Èkíní, kí akápò máa rìn káàkiri wọ́ọ̀dù pẹ̀lú dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí owó ń ṣe.

Èkejì, kí a kọ iye owó oògùn àti ohun èlò sí ibi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì yóò ti máa rí i nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé. Ẹni tí kò mọ iye ohun tí ó ń ná kò lè mọ ìgbà tí ó ń fi í ṣòfò.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n jọ kọ ìwé kan ṣoṣo ní oṣooṣù, kí ó má ju ojú ewé kan lọ, kí ó jẹ́ èdè tí gbogbo wa gbọ́. Kí ó sọ iye àwọn tí a tọ́jú, iye tí a dá padà nítorí àìsí owó tàbí oògùn, ohun tí ó bàjẹ́, àti iye tí a ná. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe sí àṣẹ kan tí yóò dín ìnáwó kù láìjẹ́ pé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ti sọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Kí ó má sì ṣe sí iṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láìjẹ́ pé akápò ti sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti máa wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun sì ni ó kàn wá jù. A gbọ́ nínú ìròyìn lónìí pé ẹgbẹ́ wa ti kó owó jọ láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú oyún, èyí tí a ń pè ní síkáànù, fún ilé ìwòsàn wa. Inú mi dùn, mo sì dá owó ti èmi náà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí a tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ jẹ́ kí a pe dókítà àti akápò sínú yàrá kan, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni yóò lo ẹ̀rọ náà? Èló ni iná rẹ̀ àti àtúnṣe rẹ̀ yóò máa ná wa lọ́dún? Èló ni aláboyún yóò san, kí ni a ó sì ṣe fún ẹni tí kò ní? Bí wọ́n bá dá wa lóhùn pọ̀, kí a rà á kíákíá. Bí ọ̀kan bá dá wa lóhùn tí èkejì ń wo òkè àjà, kí a dúró díẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ilù àti ijó gbé wọlé lè di ohun tí a fi aṣọ bò lẹ́yìn ọdún kan, kí orúkọ ẹgbẹ́ wa sì máa gba eruku lórí rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣì máa ń kí mi bí a bá pàdé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí kò mọ̀ nípa fíríìjì àti dísẹ́lì. Èmi tí mo mọ̀ ni n kò lè dákẹ́. Bí a bá ṣe ohun tí mo bẹ̀ yín fún yìí, ó ṣeé ṣe kí ìyá kan wà ní ìlú wa tí kò ní mọ̀ láé pé a gba òun là.

Kí Ọlọ́run fún ìlú wa ní àlàáfíà, kí ó fún àwọn tí ń tọ́jú wa ní ìṣọ̀kan.